Bọ́ǹdì Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Texas: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ Iye Tó Kàn Yín Kí Ẹ Tó Dìbò

Gbogbo ìgbà tí ìbò bọ́ǹdì ilé-ẹ̀kọ́, ìyẹn ìbò tí wọ́n fi ń gba àṣẹ láti yáwó fún ilé-ẹ̀kọ́, bá ti ń súnmọ́ ní agbègbè Houston, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́yìn ìsìn àti níbi ìsọmọlórúkọ: “Ṣé wọ́n máa fi kún owó-orí ilé wa ni àbí wọn ò ní fi kún un?” Ẹnì kan á ní wọ́n máa fi kún un, ṣebí ó wà lára ìwé ìdìbò gàdàgbà. Ẹlòmíì á ní rárá o, ISD, ìyẹn àjọ tó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní agbègbè, ti sọ pé réètì owó-orí ò ní gbéra. Àwọn méjèèjì á wá lọ dìbò, ọ̀kan á tẹ “Against”, èkejì á tẹ “For”, kò sì ní sí èyí tó mọ iye dọ́là tó máa jáde lápò òun.

Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí wà fún nìyẹn. Ẹ máa fi bílì owó-orí ilé tiyín ṣírò iye tó kàn yín, ẹ máa mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe, ẹ ó sì mọ bí ẹ ṣe máa dé ìdí ìbéèrè náà lórí ẹ̀rọ ìdìbò. Mi ò ní sọ ibi tí ẹ máa tẹ̀ fún yín. Texas nìkan ni mo ń bá wí: ní California, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ló sábà máa ń gbé bọ́ǹdì ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, àmọ́ níbí, ìbò kan ṣoṣo tó bá fi ju èkejì lọ ti tó.

Ohun tí ẹ máa nílò

– Bílì owó-orí ilé yín tó dé kẹ́yìn. Oṣù Kẹwàá tàbí Ìkọkànlá ló sábà máa ń dé. Bó bá jẹ́ báńkì ló ń bá yín san án, ẹ ṣì lè rí i lórí ìkànnì káúńtì.
– Iye tí káúńtì dá lé ilé yín. Ẹ tẹ àdírẹ́sì yín sórí ìkànnì ọ́fíìsì tó ń dá iye lé ilé: HCAD bó bá jẹ́ káúńtì Harris, tàbí FBCAD bó bá jẹ́ káúńtì Fort Bend.
– Ìwé tí wọ́n ń pè ní Voter Information Document, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìkànnì ISD yín ló máa wà. Ó kéré tán, láti ọjọ́ mọ́kànlélógún ṣáájú ọjọ́ ìbò ni ISD gbọ́dọ̀ ti gbé àṣẹ ìbò náà, ìyẹn ìwé tí ìgbìmọ̀ fi pe ìbò, síbẹ̀, nítorí náà kò sídìí tí ẹ fi máa dúró de ẹni tó máa fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.
– Bébà àti bírò. Ẹ má fi fóònù rọ́pò bébà; ẹ máa rí ìdí rẹ̀ ní Ìgbésẹ̀ 6.

Ẹni tó ń gbé ilé àyágbé náà lè dìbò, bó bá ti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó forúkọ sílẹ̀ láàárín ààlà ISD náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fo Ìgbésẹ̀ 4.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wádìí bóyá ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò náà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí fún gbogbo ará ilé. Ẹni tó ṣì wà lórí green card kò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dìbò. Pé ìbò ilé-ẹ̀kọ́ lásán ni, pé òun náà ń san owó-orí ilé, pé ọmọ òun wà níléèwé náà, kò sí èyí tó jẹ́ àwáwí níwájú òfin. Ibi tí àwọn èèyàn wa ti máa ń kó sí wàhálà ni ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀: wọ́n á béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò, wọ́n á sì dáhùn “Yes” kíákíá kí ìlà lè máa lọ. Ìbò ẹyọ kan lè dínà ìwé ọmọ onílùú mọ́ èèyàn, ó sì lè mú kí wọ́n dá a padà sílé. Ohun tí ẹni tó ní green card lè ṣe ni pé kó lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, kó gba nọ́ńbà, kó dìde sọ̀rọ̀. Ìyẹn kò ní kí èèyàn jẹ́ ọmọ onílùú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti búra di ọmọ onílùú, ìforúkọsílẹ̀ máa ń parí ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìbò. Texas kì í jẹ́ kí èèyàn forúkọ sílẹ̀ látòkèdélẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi ẹni tó bá ń tún láísẹ́ǹsì rẹ̀ ṣe níbẹ̀. Ẹ tẹ fọ́ọ̀mù jáde, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí káúńtì tàbí kí ẹ gbé e lọ fúnra yín. Ọ̀pọ̀ ló rò pé fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ sórí kọ̀ǹpútà ti lọ, ó sì wà níbẹ̀ láìtẹ̀ jáde títí ọjọ́ fi kọjá.

Ohun kejì ni ààlà. “Houston, TX” tó wà nínú àdírẹ́sì yín kò sọ yín di ará Houston ISD. Àdírẹ́sì Houston pọ̀ tó jẹ́ pé Alief, Katy tàbí Cypress-Fairbanks ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Orúkọ ISD tó wà lórí bílì owó-orí yín ni ISD yín. Ẹ tẹ orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín sórí ìkànnì ìbò. Bó bá fi àpẹẹrẹ ìwé ìdìbò yín hàn, tí Proposition (ìbéèrè bọ́ǹdì) ti ISD yẹn sì wà níbẹ̀, ẹ tẹ̀síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ àpò tí owó náà máa wà

Àpò méjì ni ISD ní. Ọ̀kan ni M&O: owó oṣù tíṣà, iná, omi, epo bọ́ọ̀sì. Èkejì ni I&S: owó tí wọ́n fi ń san gbèsè. Bí ẹ bá dìbò fún bọ́ǹdì, àṣẹ tí ẹ ń fún wọn ni pé kí wọ́n yáwó, kí wọ́n máa fi àpò kejì san án padà díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó bọ́ǹdì kò ṣeé san fún tíṣà. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi “àwọn tíṣà ọmọ wa ń jìyà” gba ìbò bọ́ǹdì lọ́wọ́ yín. Òótọ́ ni ìyà yẹn, àmọ́ àpò mìíràn ló ti máa jáde. Òrùlé, ẹ̀rọ amúlétutù, páìpù, bọ́ọ̀sì, ilé tuntun, ilẹ̀kùn ààbò, kọ̀ǹpútà: ìwọ̀nyí ni bọ́ǹdì ń rà.

Àwọn kan sì máa ń sọ pé Austin, olú-ìlú ìpínlẹ̀, ló máa kó owó náà lọ. Wọn ò parọ́ pátápátá. Ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń gba lára owó ISD tó bá lọ́rọ̀, àmọ́ inú àpò M&O ni wọ́n ti ń mú un. Wọn kì í fọwọ́ kan I&S.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Lórí ojú-ewé owó-orí ti káúńtì tàbí ti ISD, ẹ wá réètì méjèèjì, kí ẹ kọ ti I&S sórí bébà. Nọ́ńbà yẹn la máa lò.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka ìbéèrè náà, kí ẹ sì mọ ohun tí lẹ́tà ńlá yẹn ń sọ

Láti 2019, òfin Texas ti pàṣẹ pé kí gbolóhùn kan wà lórí gbogbo bọ́ǹdì ilé-ẹ̀kọ́, ní lẹ́tà ńlá: “THIS IS A PROPERTY TAX INCREASE.” Gbogbo wọn pátá ni. Ó máa wà níbẹ̀ bí réètì bá máa gòkè, ó sì máa wà níbẹ̀ bí kò bá ní gòkè. Nítorí náà, gbolóhùn yẹn kò lè sọ ohunkóhun fún yín nípa bọ́ǹdì tó wà níwájú yín yàtọ̀ sí ti àná.

Báwo wá ni ISD ṣe lè sọ pé réètì ò ní gbéra? Ẹ jẹ́ ká ní ẹ yá owó ra ọkọ̀, ẹ ń san $400 lóṣù, ó sì ku oṣù méjì kí gbèsè náà tán. Ẹ wá lọ yá òmíì tí ẹ máa máa san $400. Lóòótọ́, owó tó ń jáde lóṣù ò yí padà. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ ò yá èkejì ni, $400 yẹn ì bá ti máa wà lọ́wọ́ yín. Bẹ́ẹ̀ ni I&S rí: gbèsè àtijọ́ ń tán lọ, tuntun ń bọ́ sípò rẹ̀, iye ilé sì ń pọ̀ sí i. “Réètì ò ní gòkè” kò túmọ̀ sí “ọ̀fẹ́ ni”.

Òfin tún ní kí wọ́n ya àwọn nǹkan kan sọ́tọ̀ kúrò nínú ìbéèrè gbogbogbò: pápá ìṣeré ńlá, adágún ìlúwẹ̀ẹ́, gbọ̀ngàn eré orí ìtàgé, ilé gbígbé fún tíṣà, àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí Proposition A, B, C. Ní oṣù Ìkọkànlá 2024, Houston ISD béèrè $4.4 bílíọ̀nù. A jẹ́ $3.96 bílíọ̀nù fún ilé àti ààbò, B jẹ́ $440 mílíọ̀nù fún ẹ̀rọ. Bọ́ǹdì àkọ́kọ́ wọn nìyẹn láti 2012, nígbà tí àwọn olùdìbò fọwọ́ sí $1.89 bílíọ̀nù. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kọ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ̀ ọ́ sọ pé àwọn ò fọkàn tán àwọn tí ìpínlẹ̀ yàn láti máa darí ISD náà láti 2023. Ẹni tó torí ìyẹn dìbò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tí lẹ́tà ńlá kàn dẹ́rù bà ló ń dùn mí, torí irú ẹ̀rù yẹn lè mú un kọ bọ́ǹdì tí kò tiẹ̀ ní kàn án rárá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ kọ lẹ́tà ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, iye rẹ̀, àti ohun tó fẹ́ rà, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè gba A kí ẹ kọ B. Kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣírò iye tó kàn yín

Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú, ìwé ISD gan-an ló sì máa ń bì wọ́n. Nínú Voter Information Document, òfin ní kí wọ́n sọ iye tí owó-orí máa fi lé sí i lórí ilé tí iye rẹ̀ jẹ́ $100,000. Ṣùgbọ́n homestead, ìyẹn ẹ̀dínkù tí wọ́n ń yọ kúrò nínú iye ilé tí èèyàn fúnra rẹ̀ ń gbé kí wọ́n tó ṣírò owó-orí ilé-ẹ̀kọ́, ti di $140,000. Ilé $100,000 kò san kọ́bọ̀ fún ISD mọ́. Nítorí náà, ẹ lè rí “$0” níbẹ̀, yóò sì jẹ́ òótọ́, kò sì ní kàn yín níbì kankan, torí mi ò mọ ẹni tó ń ra ilé $100,000 mọ́ ní Katy tàbí Missouri City. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Ẹ ṣe tiyín.

Ẹ jókòó sídìí tábìlì, ẹ tẹ́ bílì síwájú. Ẹ jẹ́ ká fi ilé $320,000 ṣe é, ká sì ní ISD sọ pé I&S máa fi sẹ́ńtì mẹ́ta gòkè lórí $100 kọ̀ọ̀kan.

Ẹ yọ $140,000 kúrò nínú $320,000. Ó ku $180,000.
Ẹ fi 100 pín in. Ó di 1,800.
Ẹ fi sẹ́ńtì 3 sọ ọ́ di púpọ̀. Ó di sẹ́ńtì 5,400, ìyẹn $54 lọ́dún.
Ẹ fi oṣù méjìlá pín in: $4.50 lóṣù.

Bó bá jẹ́ pé réètì ò ní gòkè ni wọ́n sọ, ẹ pe ISD, ẹ béèrè iye tí I&S ì bá fi wálẹ̀ bí bọ́ǹdì ò bá wọlé, kí ẹ fi nọ́ńbà yẹn ṣe ìṣírò kan náà. Ẹni tó ń dáhùn fóònù lè máà mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kó so yín mọ́ ẹ̀ka owó.

Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ nìyí. Ẹ wo bílì yín bóyá homestead wà lórí rẹ̀. Mo ti bá ìdílé kan jókòó tí tọkọtaya ń jiyàn gidigidi lórí bọ́ǹdì. A tẹ́ bílì wọn sórí tábìlì, mo fi ìka tọ ìlà ibi tó yẹ kí homestead wà: òfìfo. Ọdún kẹrin wọn nínú ilé nìyẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: bí réètì ISD lápapọ̀ bá jẹ́ sẹ́ńtì 90, $140,000 tí wọn ò yọ túmọ̀ sí $1,260 lọ́dún kan. Ìyàwó gbé bírò sílẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Fọ́ọ̀mù 50-114 lẹ máa fi béèrè homestead, ọ̀fẹ́ ni, HCAD tàbí FBCAD ni ẹ máa fún, kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, òfin ṣì gbà yín láyè láti béèrè fún nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn. Àdírẹ́sì orí láísẹ́ǹsì yín gbọ́dọ̀ bá ti ilé mu. Ohun tó sábà máa ń dá fọ́ọ̀mù àwọn èèyàn wa padà nìyẹn. Lẹ́tà tó bá dé tó ní kí ẹ sanwó kí àwọn bá yín ṣe é, ẹ ya á. Ilé tí ẹ fi háyà kò ní homestead, nítorí náà $320,000 gbáko lẹ máa fi ṣírò tirẹ̀: $96 lọ́dún.

Fún àwọn àgbà: ẹni tó bá ti pé ọdún 65, tó ní ilé, tó ń gbé inú rẹ̀, tó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní káúńtì, owó-orí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní òkè tí kò lè kọjá. Bọ́ǹdì ò lè gbé e kọjá ibẹ̀, àfi bó bá kọ́ yàrá kún ilé náà. Màmá ẹni ọdún 70 tí bọ́ǹdì ń dá oorun mọ́ lójú lè jẹ́ ẹni tí kò ní san ẹyọ sẹ́ńtì kan sí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orúkọ ọmọ ló wà lórí ìwé ilé, tí Màmá kàn ń gbé ibẹ̀, ààbò yẹn ò kàn wọ́n.

Ẹ̀yin tí báńkì ń bá san owó-orí, ẹ ṣì ń san án. Owó ilé oṣooṣù yín ló máa fi hàn, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí ẹ ti gbàgbé ìbò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Nọ́ńbà méjì gbọ́dọ̀ wà lórí bébà yín, ti ọdún àti ti oṣù. Bí èyí tí ẹ rí bá ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là lọ fún sẹ́ńtì díẹ̀, ẹ padà lọ wò ó bóyá ẹ gbàgbé láti fi 100 pín in.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ béèrè ohun tí owó náà máa ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ tiyín

Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan, mo lọ mú ọmọ mi níléèwé. Òógùn ti gbẹ sí i lára. Nínú kíláàsì wọn, tíṣà ti fowó ara rẹ̀ ra fáànù ńlá kan, ó gbé e kọjú sí àwọn ọmọ tó jókòó níwájú. Bàkéètì wà ní igun, omi ẹ̀rọ amúlétutù ń kán sínú rẹ̀ láti òkè àjà, tó, tó, tó, àwọn ọmọ sì ń ka ìwé lọ. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè ka bọ́ǹdì bíi pé nọ́ńbà lásán ni.

Ṣùgbọ́n bàkéètì yẹn náà ló kọ́ mi láti béèrè: “Ilé-ẹ̀kọ́ yìí gan-an ńkọ́? Kí ni ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀, ọdún wo sì ni?” Ìwé ìdìbò kì í dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ yín. Ìwé àlàyé aláwọ̀ mèremère máa ń dárúkọ rẹ̀, àmọ́ àṣẹ ìbò ló de ISD, kì í ṣe ìwé mèremère. Ẹ gba àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí, kí ẹ wá orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yín nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n fẹ́ rà, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n máa fi san gbèsè rẹ̀, torí kọ̀ǹpútà tó máa bàjẹ́ lọ́dún márùn-ún kò yẹ kó jẹ gbèsè ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ẹ wo èlé pẹ̀lú. Ó wà nínú Voter Information Document. Bí wọ́n bá yá $100 mílíọ̀nù ní èlé ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, nǹkan bí $160 mílíọ̀nù ni wọ́n máa dá padà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ lè sọ, láìwo ìwé, nǹkan kan pàtó tó máa yí padà ní ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò yín. Bí ẹ ò bá rí i sọ, ẹ pe ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣojú yín. Òṣìṣẹ́ ISD ò gbọ́dọ̀ fi owó ìlú polongo ìbò, ṣùgbọ́n ó lè ṣàlàyé.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ dìbò títí dé ìsàlẹ̀

Oṣù Karùn-ún tàbí Ìkọkànlá ni ìbò bọ́ǹdì sábà máa ń bọ́ sí. Ti oṣù Karùn-ún, èèyàn kì í pọ̀ níbẹ̀, ìbò díẹ̀ ló ń pinnu. Ti Ìkọkànlá, ìwé ìdìbò Harris gùn púpọ̀, bọ́ǹdì sì máa ń wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́yìn àwọn adájọ́. Ọ̀pọ̀ ti sú kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ lófìfo.

Ẹ mú láísẹ́ǹsì Texas, pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà, tàbí ìwé ẹ̀rí ọmọ onílùú tó ní fọ́tò dání. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà kò sí lára ohun tí wọ́n ń gbà. Wọn ò gbà kí èèyàn lo fóònù láàárín 100 ẹsẹ̀ bàtà sí ibi ìdìbò, ẹni tó bá sì kọ gbogbo ìpinnu rẹ̀ sínú fóònù á wọlé lọ́wọ́ òfìfo. Wọ́n gbà kí ẹ mú bébà yín wọlé. Àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè mú ọmọ tàbí aládùúgbò rẹ̀ wọlé kó bá a ka ìwé náà, bí kò bá ti jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹni náà á búra kó tó bẹ̀rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ní Harris, ẹ̀rọ máa tẹ bébà jáde kí ẹ tó fi sínú ẹ̀rọ kejì. Ẹ dúró. Ẹ kà á délẹ̀, kí ẹ wo ìlà Proposition kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣófo tàbí tó ṣì, ẹ pe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kí bébà náà tó wọ inú ẹ̀rọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fi bébà yín pamọ́

Bí bọ́ǹdì bá wọlé, kì í ṣe ọjọ́ kan ni wọ́n ń yá gbogbo owó náà. Wọ́n á máa yá a díẹ̀díẹ̀, ìgbìmọ̀ á sì máa dá réètì I&S lọ́dọọdún, nǹkan bí oṣù Kẹjọ tàbí Ìkẹsàn-án, ní ìpàdé tí gbogbo ìlú lè wá. Ọ̀pọ̀ ISD ní ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ná owó bọ́ǹdì. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè wọ̀ ọ́; orúkọ Yorùbá tí mo ti rí nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì pọ̀ tó.

Ẹ fi bébà tí ẹ ṣírò sí sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú bílì. Nígbà tí bílì tuntun bá dé, ẹ tẹ́ méjèèjì síra. Bí owó bá ju ohun tí ẹ kọ lọ, ẹ kọ́kọ́ wo iye tí wọ́n dá lé ilé, lẹ́yìn náà ẹ wo réètì M&O, kí ẹ tó wá wo I&S. Bó bá jẹ́ I&S ló kọjá ohun tí wọ́n sọ ṣáájú ìbò, ẹ mú bébà méjèèjì lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ forúkọ sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀, kí ẹ sì ka nọ́ńbà méjèèjì sí wọn létí.